Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kò Gbé Ọkọ̀ Jáde

Ìró tó máa ń jí wa nílé wa ní Ìkirè nígbà èwe mi kì í ṣe ti àkùkọ. Bí àwọn bàbá bá ti kírun àsùbáà tán, tí ojúmọ́ sì ń là bọ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó gbọ́ tí irin ń kan irin nínú àgbàlá, a ó gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ nídìí jáàkì, lẹ́yìn náà la ó wá gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lára táyà: gbì, gbì, gbì. Ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn ló ń yẹ̀ wò. Kì í gbé ọkọ̀ náà jáde láìyẹ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wò. Á di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, á tì í, á fà á. Á tún dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á tún tì í, á tún fà á. Bí táyà bá dúró gbagidi, á bọ́ sídìí èkejì. Bí ó bá ń mì, á tẹ́ ẹní àtijọ́ kan sílẹ̀, á fi ẹ̀yìn lélẹ̀, á wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ láti mọ ibi tó ti jẹ. Irin kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí sọ́tùn-ún sósì, kíńpìnnì ni àwọn dráífà ń pè é. Bàbá mi a máa fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá gírísì ṣì wà níbẹ̀. Á tún fi èékánná àtàǹpàkò fa ara àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, tí iwájú ọkọ̀ jókòó lé, tí wọ́n ń pè ní sípíríǹgì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀kan ti sán. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn tán, á ní kí àwa ọmọdé gun bọ́ńpà, kí a máa fò sókè sódò, kí òun lè rí bí sípíríǹgì ṣe ń gbé ara rẹ̀. Eré ni lójú tiwa. A ó máa pariwo, a ó máa tira wa, títí Ìyá Àgbà yóò fi yọjú láti yàrá rẹ̀ pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọkọ̀ ni àbí ẹṣin?”

Ìyá mi ló sọ fún wa, nígbà tí mo ti gbọ́n díẹ̀, ìdí tí bàbá mi fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ dráífà ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ yí sódì nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan. Bàbá mi wà lẹ́yìn láàárín ẹrù, apá rẹ̀ nìkan ló bó. Ọ̀gá rẹ̀ kò jáde láàyè. Bàbá mi kò fìgbà kan sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa fúnra rẹ̀. Ènìyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Bí o bá kí i, á dáhùn. Bí o bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ná. Àwọn tó ń ra kòkó fún àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ẹrù wọn kì í ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń bínú sí i nítorí pé kì í yá. Àwọn dráífà ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní Alágbẹ̀dẹ, kí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò bínú sí wọn rí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, kòkó so bí ẹni pé wọ́n sọ fún un pé kó so. Gbogbo ilé ń rùn kòkó. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń rùn kíkan-kíkan bí ẹmu àná. Èyí tí wọ́n sá wà lórí ẹní káàkiri àgbàlá, àwa ọmọ a sì máa fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ kiri kí oòrùn lè dé abẹ́ rẹ̀. Níbi ìdáná, ìyá mi a máa dín dòdò fún títà létí títì, láti inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n tó ti dúdú, tí ẹlòmíràn ì bá sọ nù. Èéfín epo pupa rẹ̀ a wọ inú aṣọ wa títí kan èyí tí a fi ń lọ sí ilé kéú. Ní òwúrọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni, ní ọ̀sán, ohun tó bá ṣẹ́kù, ní alẹ́, a ó pé yí àwo ńlá kan ká, Ìyá Àgbà á sì máa sọ ohun tó ń sọ lójoojúmọ́: “Ẹ má sáré jẹun. Oúnjẹ ò ní ẹsẹ̀.” Mo ti dàgbà báyìí ju bí Ìyá Àgbà ṣe dàgbà nígbà náà lọ, bí mo bá sì rí àwọn ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ mì, ohùn rẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ọmọ méjì péré ló kù fún Ìyá Àgbà nínú àwọn tó bí: bàbá mi, tó ń fi oríkì pè ní Àkànní, àti àbúrò rẹ̀, Káríìmù, tó ń pè ní Àlàó. Káríìmù ló wà nídìí oko kòkó bàbá wọn, lọ́nà Ìkòyí. Owó kòkó oko náà ni wọ́n fi ra ọkọ̀, nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi ló ń wà á, “ọkọ̀ wa” ni Káríìmù ń pè é, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn aláriwo ni Káríìmù. Kí ó tó wọ ilé, a ti gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Á gbé kòkó tútù wá fún wa, á là á lórí òkúta, àwa á máa mu omi dídùn ara hóró rẹ̀ títí ẹnu wa yóò fi máa fà. Bí ó bá bá bàbá mi lábẹ́ ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀, á yọjú sí i. “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe ń yẹ ọkọ̀ yìí wò, bí ẹ bá ń yẹ ìyàwó yín wò bẹ́ẹ̀, ẹ ì bá ti kó ọmọ kún ilé yìí.” Ìyá mi á ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù ú: “Ọkọ mi, ẹnu yín ò dáa!” Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀. Àwa kò rí ojú rẹ̀, àmọ́ a ń rí ikùn rẹ̀ tó ń mì. Káríìmù nìkan ló lè mú un rẹ́rìn-ín báyẹn. Ìyàwó Káríìmù, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Àpòmù, lóyún àkọ́kọ́ lọ́dún náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìró táyà yí padà. Mo ṣì wà lórí ẹní mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe gbì, gbì mọ́. Ó ń dún gọ̀lọ̀, gọ̀lọ̀, bí ìgbà tí nǹkan já nínú àpótí. Bàbá mi wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Nígbà tó jáde, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó ní, “Ọkọ̀ yìí ò ní jáde.”

Ìyá mi ní, “Kòkó tí wọ́n ti dì kalẹ̀ ní Wásinmi ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n ń retí yín láàárọ̀ yìí.”

“Kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kíńpìnnì apá òsì ti jẹ tán. Irin kan sì ti sán nínú sípíríǹgì.”

Ó rán dráífà kan tó ń lọ sí Ìbàdàn sí mẹ́káníìkì rẹ̀ pé kó máa mú ohun èlò bọ̀. Ó fi òkúta há ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irin gígùn tí wọ́n máa ń kì bọ iwájú ọkọ̀ ayé ìgbà náà láti fi yí i kó tó jí, ó gbé e wọ yàrá, ó fi sábẹ́ ibùsùn. Àwọn tó ń ra kòkó wá, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bínú, wọ́n lọ. Inú ìyá mi kò dùn, ṣùgbọ́n ó padà sídìí dòdò rẹ̀. Nílé wa, bí bàbá mi bá ti sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé Káríìmù dé. Oòrùn ti gòkè díẹ̀. Ariwo la kọ́kọ́ gbọ́ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo sì rò pé ìyàwó ni wọ́n ń sìn bọ̀. Nígbà tí wọ́n yà sí ọ̀nà wa, mo rí àwọn alágbàṣe oko tí wọ́n gbé igi méjì lé èjìká, wọ́n so aṣọ mọ́ àárín rẹ̀, Káríìmù wà nínú aṣọ náà, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Ó ń ro ìdí kòkó ni, àdá rẹ̀ bá kọ lára kùkùté kan, ó ta padà, ó sì gé e nínú itan, lókè orúnkún. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ òrùlé iwájú ilé. Ojú rẹ̀ ti funfun. Ó rí mi, ó sì gbìyànjú láti ṣẹ́jú sí mi bó ṣe máa ń ṣe.

Bàbá Ọlọ́sanyìn tó ń gbé ní agbo-ilé kejì sáré dé pẹ̀lú àpò ewé rẹ̀. Mùsùlùmí nilé wa, àmọ́ kò sí ẹni tó bi í pé kí ló wá ṣe. Òun ló ń wo gbogbo wa sàn, láti orí ibà dé orí egbò. Ó fi ọ̀já di itan náà lókè, ó gún ewé, ó dì í mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi bo ojú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà dín kù, ṣùgbọ́n kò dá. Arúgbó náà wá gbójú sókè.

“Iṣan ńlá ló gé. Ohun tí ewé lè ṣe, mo ti ṣe é. Ẹ gbé e lọ bá àwọn dókítà ní Ìbàdàn. Ẹ má jókòó.”

Kò sí ọkọ̀ mìíràn ládùúgbò lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọkọ̀ ti tú ká lọ kó kòkó. Tiwa nìkan ló dúró nínú àgbàlá, ó tóbi, ó sì dákẹ́, gbogbo ojú sì yí sí i. Ìyá Àgbà ní, “Àkànní, mú ọkọ̀ jáde.” Bàbá mi ti dìde kí ó tó sọ ọ́ tán. Ó wọ inú ilé. Ìyá mi gbé ìkòkò epo kúrò lórí iná, àwọn obìnrin ilé, Àbẹ̀kẹ́ náà wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹní àti aṣọ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ti ti Ìyá Àgbà gan-an sókè pẹ̀lú wọn. Gbogbo wa rò pé irin tó fi ń jí ọkọ̀ ni bàbá mi lọ mú lábẹ́ ibùsùn. Jáàkì ló gbé jáde.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ṣì ń rí ojú àwọn ènìyàn. Bàbá mi kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀, ó yí jáàkì, táyà òsì gbéra kúrò nílẹ̀. Ó dì í mú, ó sì mì í. Gọ̀lọ̀, gọ̀lọ̀. Ilé pa rọ́rọ́, àfi ìró yẹn àti mímí Káríìmù. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe tó gbé e wá pariwo pé, “Ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ tọ́jú ni, àbí àbúrò yín?” Ọwọ́ bàbá mi ṣì wà lára táyà. Ó tún mì í lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó ń retí pé kí irin náà ti sàn láti àná. Ó gbójú sókè wo ọkọ̀ náà. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní, “Kò lè gbé wa dé.”

Ìyá Àgbà ní, “Kí lo wí?”

“Ìyá mi, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí máa yọ lọ́nà. Bí a bá gbé e sínú rẹ̀, àwa la máa pa á, a ó sì kó àwọn tó tẹ̀lé wa mọ́ ọn.”

“Rọra wà á.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká rọra.”

Wọ́n gbé Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ó rìn títí dé iwájú bàbá mi. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí, ó ká ìró rẹ̀ díẹ̀, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. “Àkànní, mo bẹ̀ ọ́. Ọmọ méjì péré ni mo ní.” Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n ń di orí mú. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ lélẹ̀, ojú rẹ̀ nínú erùpẹ̀. “Ìyá mi, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mi ò lè ṣe é.” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tí a ó kọ́kọ́ gbé dìde. Lẹ́yìn ìyẹn bàbá mi fò dìde, ó fa kẹ̀kẹ́ alájogbé wa kan yọ, ó sì gùn ún lọ sọ́nà Àpòmù láti wá ọkọ̀.

Ìdúró yẹn gùn. Àbẹ̀kẹ́ gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, ó ń fi etí ìró nu òógùn ojú rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó tì wọ́n, kò sọkún, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Káríìmù ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí wọ́n má gbàgbé kòkó tó wà lábẹ́ ewé lóko, ó ti tó í sá. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó tún béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n dà?” Ìyá mi ní, “Wọ́n ń bọ̀, ọkọ mi. Wọ́n ń wá ọkọ̀ bọ̀.” Ó ní, “Ọkọ̀ wa ńkọ́?” Ìyá mi bu omi díẹ̀ sí i lẹ́nu.

Oòrùn ti kúrò ní àárín ọ̀run kí ọkọ̀ kan tó dé láti Àpòmù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá mi so mọ́. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé àpò kòkó ló kún inú ọkọ̀ náà nígbà tó bá a, pé ó bẹ dráífà rẹ̀ títí, àti pé òun fúnra rẹ̀ ló ru èyí tó pọ̀ jù sọ̀ kalẹ̀. Eruku kòkó bo èjìká àti orí rẹ̀. Wọ́n gbé Káríìmù sókè. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó la ojú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní mi ẹsẹ̀ eléyìí wò ni?” Ó dà bíi pé ó rẹ́rìn-ín sí i. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò sì mọ̀ títí dòní bóyá ó fi ṣàwàdà bó ṣe máa ń ṣe, tàbí ó fi bú u. Bàbá mi kò wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kankan. Ó fò gun ẹ̀yìn, ó gbé orí àbúrò rẹ̀ lé itan tirẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra.

Wọ́n kọjá afárá Aṣejirè láyọ̀. Dráífà náà sọ pé Káríìmù ṣì béèrè níbẹ̀ pé ṣé odò ni òun ń gbọ́. Kí wọ́n tó rí Ẹgbẹ́dá, ó ti dákẹ́. Wọ́n yí ọkọ̀ padà. Ìrọ̀lẹ́ ni a rí wọn, bàbá mi jókòó bí wọ́n ṣe lọ gẹ́lẹ́, orí àbúrò rẹ̀ ṣì wà lórí itan rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà kò ti bá bàbá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bú u, kò sì gbé e ṣépè. Ó kàn ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀ sí i ni. A ó jọ wà nínú yàrá kan náà, wọn yóò sì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè fọwọ́ kan ara wọn, ṣùgbọ́n yóò ní, “Àṣàkẹ́, sọ fún bàbá rẹ pé ọbẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀.” Bàbá mi yóò wo ilẹ̀, yóò ní, “Sọ fún Ìyá pé mo dúpẹ́.” Mo ń gbé ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu kan dé etí kejì bí ẹni gbé omi, ẹ̀rù sì máa ń bà mí pé ó lè dànù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú mi dùn pé èmi ni wọ́n yàn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá pamọ́ bí àkókò oúnjẹ bá ti ń tó.

Mẹ́káníìkì dé láti Ìbàdàn nígbà tí òkú ti tutù nílẹ̀. Jímọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin kúkúrú tó ń jẹ obì láti àárọ̀ dalẹ́. Ó tú ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀, ó fi òòlù lu kíńpìnnì náà jáde, ó sì nù ún. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti jẹ wọnú, ihò tó wọ̀ kò sì rí roboto mọ́, ó ti rí gbọọrọ bí ẹyin. Bàbá mi gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lọ sí iwájú yàrá Ìyá Àgbà, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i tó bá a sọ̀rọ̀ láìgba ẹnu mi. “Ìyá mi, ẹ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi ojú kàn án.”

Ìyá Àgbà kò wo irin náà. Jímọ̀ ló wò. “Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo mọṣẹ́. Ká ní wọ́n rọra wà á, ṣé kò ní dé Ìbàdàn?”

Jímọ̀ yí obì lẹ́nu. Ó wo bàbá mi, ó tún wo ìyá arúgbó náà. Ì bá ṣeé ṣe fún un láti purọ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. “Ìyá, ó lè dé. Ó sì lè má dé. Mo ti rí èyí tó burú ju báyìí lọ tó dé. Mo ti rí èyí tó sàn ju báyìí lọ tó pa gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.”

“Ó lè dé,” ni Ìyá Àgbà wí. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú irin náà lọ́wọ́. Jímọ̀ padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò mi ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá wa mọ́. Bí ó bá kírun tán, á rọra gbé ọkọ̀ jáde dé etí títì, kó tó yí jáàkì, kí ìyá rẹ̀ má bàa gbọ́ ìró náà. Àwa ọmọ kò gun bọ́ńpà mọ́. Àbẹ̀kẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àpòmù, ó sì bí obìnrin. Àbẹ̀kẹ́ yìí, tó jẹ́ pé òun ló pàdánù jù lẹ́yìn ìyá, òun ni kò yí ojú kúrò lára bàbá mi rí. Ọdọọdún, bí iléyá bá dé, á gbé ọmọ náà wá, á kúnlẹ̀ kí i, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọdún.” Bàbá mi á gbé ọmọ náà lé orúnkún, á máa wo ojú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé, títí àìsàn fi dá Ìyá Àgbà dúbúlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá mi ti gbé kòkó lọ sí Èkó, Ìyá Àgbà lajú, ó sì pè: “Àkànní.” Ìyá mi sá wọlé. Ó tún pè é: “Àkànní dà?” A sọ fún un pé ó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí bàbá mi fi máa dé, ohùn Ìyá Àgbà ti lọ. Ó ń wò ó, ẹnu rẹ̀ ń mì, bàbá mi gbé etí rẹ̀ lé e lẹ́nu, kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó fẹ́ bá a sọ, rere ni o, búburú ni o, ó gbé e lọ. Mo gbà pé rere ni. Èmi ni mo gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò sọ ohun tí òun gbà.

Mo lọ́kọ sí Ìbàdàn, mo bímọ, bàbá mi sì darúgbó. Ó ti ta ọkọ̀ náà tipẹ́. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó sì fẹ́ràn kí n jókòó tì í lábẹ́ òrùlé iwájú ilé bí mo bá wá kí i. Nínú ọkàn mi, láti kékeré, ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà ni mo wà. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ nínú erùpẹ̀ kò kúrò lójú mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láìrò ó tẹ́lẹ̀, mo bi í: “Bàbá, bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, ṣé ẹ ó gbé ọkọ̀ náà jáde?”

Ó mọ ọjọ́ tí mò ń sọ. Ó wo ilẹ̀ títí. “Mi ò ní gbé e.” Ó sinmi. “Nígbà tí mo mì í lẹ́ẹ̀kejì, mo ti fẹ́ gbà. Mo ti sọ fún ara mi pé mà á rọra wà á. Mo wá gbójú sókè. Ìyá mi wà nínú ọkọ̀. Ìyá rẹ wà níbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyún. Ìwọ náà wà níbẹ̀.”

“Èmi, Bàbá? Mi ò rántí pé mo gun ọkọ̀.”

“O gùn ún. O jókòó sórí àpò òfìfo, o gbá orúnkún mọ́ra, ò ń retí kí n wà yín lọ. Ojú rẹ ni mo rí tí mo fi sọ pé rárá.”

 Ìyá Àgbà ti lọ, Jímọ̀ ti lọ, àwọn alágbàṣe tó pariwo lé e lórí ti lọ. Kò sí ẹni tó kù tí mo lè sáré lọ bá pé ìdí rẹ̀ rèé. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni èyí: “Ṣé ẹ ò lè ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì nìkan lọ?”

Bàbá mi yí ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ sí mi. “Àṣàkẹ́,” ó ní, “ohun tí mo ń bi ara mi láti ọjọ́ náà nìyẹn.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.